Ẹ wá bi wá léèrè lóṣù kẹsàn-án

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo ka lẹ́tà ẹni tó kọ̀wé sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ọ̀lẹ ló ń sọ àgbẹ̀ di òtòṣì. Ó dà bíi pé onítọ̀hún kò sun abúlé kankan mọ́jú rí.

Alájàpá kajú ni mí, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ń gbé, ó sì ti lé lógún ọdún tí mo ti ń rajà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ apá Ìrẹsà Adú. N ó sọ ohun tí ojú mi rí, àti èyí tí èmi gan-an lọ́wọ́ sí.

Láti oṣù kejì ni kajú ti ń já bọ́, ó ń di oṣù karùn-ún kó tó tán. Owó máa ń wà nígbà náà: ẹ ó rí páànù tuntun, ẹ ó rí ankóò. Ṣùgbọ́n oṣù kẹsàn-án ni ilé ẹ̀kọ́ ń wọlé. Nígbà yẹn, igi tó dúró lóko nìkan ló kù fún àgbẹ̀. Á wá bá mi: "Ìyá Ìbejì, ẹ dákun, ẹ bá mi wá 80,000 náírà." N ó fún un. A kì í pè é ní èlé o, àwa kì í ṣe olówó èlé! A ó kàn ní tí kajú bá dé, àwa nìkan ni kó tà á fún, ní iye tí a fẹnu kò sí lọ́jọ́ náà. Bí ọjà bá wá gbówó lórí lóṣù kẹta ńkọ́? Tiwa ni àlékún. Oṣù kẹsàn-án á tún yí po, á tún bá a lọ́wọ́ òfo. Sogún dogójì náà ni, aṣọ ló pààrọ̀.

Èmi náà kò rí ju bẹ́ẹ̀ lọ ṣe. Tòun tèèpo ni wọ́n ń kó kajú náà gba Èkó lọ sí Íńdíà àti Vietnam. Ọ̀hún ni wọ́n ti ń pa á, ọ̀hún ni owó ńlá ń kù sí.

Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì mi, tó wà ní yunifásítì LAUTECH, ló sọ fún mi nípa Banerjee, Duflo àti Kremer, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé mẹ́ta tí wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní 2019 nítorí iṣẹ́ wọn lórí òṣì. Ó ní Duflo àti Kremer, pẹ̀lú ẹlẹgbẹ́ wọn kan, lọ bá àwọn àgbẹ̀ àgbàdo ní ìwọ̀ oòrùn Kẹ́ńyà ní kété tí wọ́n kórè tán, pé kí wọ́n sanwó ajílẹ̀ nígbà tí owó ṣì wà lọ́wọ́, àwọn á gbé e wá sílé fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́ tó bá yá. Àwọn tó lo ajílẹ̀ pọ̀ sí i. Ẹ̀rín pa mí. Ó pẹ́ tí mo ti mọ ìyẹn, àfi pé èmi fi ń jẹun ni.

Wọ́n ti ka iye wa: 133 mílíọ̀nù òtòṣì ní Nàìjíríà, nínú ìṣirò ìjọba ti 2022. Ohun tó fà á ló kù. Ẹni tó gbé ìwé ìbéèrè wá kẹ́yìn, oṣù kẹta ló wá. Àgbẹ̀ kan tó jẹ mí lówó gúnyán fún un, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń jẹun lóòjọ́. Òótọ́ ni, lóṣù kẹta. Kó padà wá lọ́sẹ̀ tí ilé ẹ̀kọ́ bá fẹ́ wọlé, kó bi ọkùnrin náà pé ta ló ni kajú tí kò tíì yọ òdòdó.

Alájàpá kajú,
Ògbómọ̀ṣọ́.