Ẹ̀sùn lórí ẹ̀ńjíníà tí mo sanwó fún tí mi ò rí

Sí Ọ̀gá Àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Lẹ́tà mi kẹta rèé. Méjì àkọ́kọ́ wà lọ́dọ̀ yín, rísíìtì mi náà wà níbẹ̀, torí náà mi ò ní tún gbogbo ẹ̀ rò láti ìbẹ̀rẹ̀. ₦180,000 ni mo san kí ẹ lè bá mi yẹ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí mo fẹ́ rà ní Ìkòròdú wò. Ẹnu yín lẹ fi sọ pé ẹ̀ńjíníà tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN, àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ ẹ̀ńjíníà ní Nàìjíríà, ló máa wá, àti pé ó máa gbé òòlù tí wọ́n fi ń mọ bí kọnkéré ṣe lágbára tó dání. Tìtorí ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ṣe mú yín nínú àwọn mẹ́ta tí mo bá sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tiyín ló wọ́n jù.

Ọmọkùnrin kan tó wọ sálúbàtà ló yọjú. Fóònù nìkan ló mú dání. Ó fi ìka kan pílà ìsàlẹ̀, kó, kó, kó, ó ya fọ́tò, ó ní kò sí wàhálà. Mo fi ibi tó sán lábẹ́ àtẹ̀gùn hàn án, níbi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ọ̀dà bò. Ó ní ọ̀dà ló sán. Ìwé àyẹ̀wò tí ẹ wá fi ránṣẹ́ ń sọ̀rọ̀ nípa àjà kẹta. Ilé tí mo fẹ́ rà ò ní àjà kẹta.

Àṣìṣe lè ṣẹlẹ̀, mo gbà. Ohun tí mo wá béèrè lọ́wọ́ yín ò ju ẹyọ kan lọ: ta ni ẹ̀ńjíníà tó fọwọ́ sí ìwé yẹn, kí sì ni nọ́ńbà COREN rẹ̀? Ọ̀sẹ̀ karùn-ún rèé tí mo ti ń béèrè.

"Mọ́mì, ẹ pè wá lọ́la." Mo pè. "Ọ̀gá wà ní sáìtì." Mo tún pè. "Ẹ fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp." Mo fi ránṣẹ́, ẹ kà á, ẹ ò fèsì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti la súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 12 kọjá wá sí ọ́fíìsì yín ní Ìkẹjà. Lẹ́ẹ̀kejì, ọmọbìnrin tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ò gbójú kúrò lára fóònù rẹ̀ tó fi dá mi lóhùn: "Mọ́mì, tí a bá tiẹ̀ fún yín ní nọ́ńbà yẹn, kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Ṣé ẹ̀yin náà ń ṣe ẹ̀ńjíníà ni?" Àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mo tó ẹni tó bí i lọ́mọ. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ta aṣọ ní Balógun kí owó ilé yìí tó pé.

Ohun tí mo fẹ́ fi ṣe ni kí n bi COREN bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 wó ní Gerrard Road ní Ìkòyí, èèyàn tó kú lé ní 40. Àwọn ọmọ ọmọ mi mẹ́ta ló máa sùn lórí dẹ́kìn ilé yìí. Mi ò lè fi "kò sí wàhálà" gbé wọn síbẹ̀.

Ẹni tó nilé ti ní òun máa tà á fún ẹlòmíì tí oṣù yìí bá parí.

Nítorí náà, láàárín ọjọ́ 14 sí ọjọ́ tí lẹ́tà yìí bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ rán ẹ̀ńjíníà gidi wá tún ilé náà yẹ̀ wò, kí orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ àti òǹtẹ̀ rẹ̀ wà lórí ìwé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ dá ₦180,000 mi padà, kó pé pérépéré. Bí ẹ ò bá ṣe èyíkéyìí, mo máa kọ̀wé sí COREN pé orúkọ wọn lẹ fi ń fa oníbàárà, mo máa kọ sí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, mo sì máa gbé ẹjọ́ owó mi lọ sí Small Claims Court Èkó tó ń gbọ́ ẹjọ́ gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ. Mo ti tẹ gbogbo WhatsApp yín jáde sórí ìwé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí pé kí n pe yín lọ́la. Ẹ kọ èsì yín sílẹ̀. Kí ọmọbìnrin yẹn sì kọ tirẹ̀ pẹ̀lú, kó fi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi.

Èmi ni,
Oníbàárà yín, ẹni tí rísíìtì rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín.