Lẹ́tà tẹ́ẹ̀mù tuntun: ooru, èéfín, àti súwẹ́tà méje tí kò lólúwa

Ẹ̀yin òbí wa àti ẹ̀yin alágbàtọ́, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú ooru, ẹ kú wàhálà ọmọ, ẹ kú ti bíìlì iná tí AC ń kó bá wa. A dúpẹ́ pé a tún ti wọlé. Ọmọ 42 ló forúkọ sílẹ̀ nílé ìwé Yorùbá ọjọ́ Sátidé wa, iye yẹn ò tíì pé bẹ́ẹ̀ rí látìgbà tá a ti bẹ̀rẹ̀ ní Sacramento, California níbí. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ síléébù, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ owó ilé ìwé (ẹ̀yin tẹ́ ò tíì san, ẹ mọ ara yín, èmi náà sì mọ̀ yín), àmọ́ ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ ló máa gba iwájú, torí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Sátidé àkọ́kọ́ tá a wọlé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé ọmọ wá lọ́jọ́ náà á rántí bí ojú ọ̀run ṣe rí. Igbó ń jó lókè Sierra lọ́hùn-ún, afẹ́fẹ́ wá ń gbé èéfín rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ bá wa, òòrùn pupa fòò, eérú funfun ń já bọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sórí àwọn mọ́tò tá a páàkì síta, bí ìgbà téèyàn gbọn àpò fúláwà. Kíláàsì kejì ń kọ́ nípa àmì ohùn lọ́jọ́ yẹn, àǹtí wọn sì ti kọ òòrùn, òórùn àti oorun sójú bọ́ọ̀dù fún wọn. Nígbà tí wọ́n jáde fún bírèkì, ọmọkùnrin kan fi ìka kọ "oorun" sínú eérú tó wà lórí bọ́nnẹ́ẹ̀tì mọ́tò mi. Mo ní, "Ọkọ mi, èwo lo kọ yìí? Ṣé èyí tó ń ràn lókè ni, àbí èyí tí imú ń gbọ́, àbí èyí tí à ń sùn?" Ó wòkè, ó fa imú, ó ní, "All of them, ma." Mo rẹ́rìn-ín títí, mo tiẹ̀ fẹ́ ya fọ́tò ẹ̀, kí n tó wá gbọ́ tó sọ pé orí ń fọ́ òun àti pé oorun ń kun òun. Kó tó di aago méjìlá, ọmọ mẹ́fà ló ti ń wúkọ́, ọ̀kan nínú wọn la sì ní láti wá ínhélà ẹ̀ nínú báàgì kó tó lè mí dáadáa.

Ẹ̀bi yẹn, èmi ni mo ni ín. Mo wo AirNow, ìkànnì ìjọba tó ń sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe rí (bí nọ́ńbà ẹ̀ bá ṣe ga tó ni afẹ́fẹ́ ṣe burú tó), láàárọ̀ yẹn ní aago méje, nọ́ńbà wà ní 80 àti díẹ̀, yẹ́lò ni, mo ní kò burú, mo sì gbé fóònù jù sílẹ̀. Mi ò tún wò ó mọ́ títí ọmọ fi ń wúkọ́, ìgbà tí mo máa wò ó, ó ti di 168. Èéfín ò ní àsìkò, ibi tí atẹ́gùn bá kọjú sí ló ń lọ. Látòní lọ, èmi tàbí igbákejì mi á máa wò ó ní alẹ́ Fúráìdè, ní aago méje àárọ̀ Sátidé, àti lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí kọ̀ọ̀kan títí a ó fi ṣíwọ́. Bó bá ti kọjá 100, tó di àwọ̀ ọsàn, kò sí bojúbojú níta mọ́, inú họ́ọ̀lù la máa wà. Bó bá kọjá 150 tó di pupa, orí Zoom la máa ṣe kíláàsì, mo sì máa fi ránṣẹ́ sí WhatsApp kó tó di aago mẹ́jọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tún pè mí láago mẹ́sàn-án pé ṣé ilé ìwé wà.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tó ń dùn mí. Tá a bá ti ní èéfín, ẹnìkan á sọ ní gúrúùpù pé "ọyẹ́ lásán lèyí, ṣebí inú ọyẹ́ la dàgbà sí, kí ló ṣe wá." Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe ọyẹ́ o. Ọyẹ́ jẹ́ atẹ́gùn tó ń gbé eruku wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà, òun náà ò sì dáa fún ẹ̀dọ̀fóró, àfi pé ó ti mọ́ wa lára. Èéfín tibí yìí, igi nìkan kọ́ ló jó, ilé jó, mọ́tò jó, ọ̀dà àti rọ́bà jó sínú ẹ̀. Ẹ̀rún eruku tó burú jù nínú ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní PM2.5, ó kéré débi pé irun orí kan ṣoṣo fi nǹkan bí ìlọ́po 30 fẹ̀ jù ú lọ, ó ń gba imú wọ ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró lọ láìkan ilẹ̀kùn. Àwọn àgbà ní bí iná bá jó ni tó jó ọmọ ẹni, tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n, ti èéfín yàtọ̀, ọmọ ló kọ́kọ́ ń mú, torí afẹ́fẹ́ tí ọmọ ń mí, tẹ́ ẹ bá fi wé bí ara ẹ̀ ṣe tóbi tó, pọ̀ ju tiwa lọ.

Torí náà másíìkì áńkárá tá a rán nígbà Kòrónà, ẹ fi sílẹ̀ fún fọ́tò, N95 ló ń dá èéfín dúró. Robb láyà ò burú, èmi náà ń fi pa ara, àmọ́ kò lè yọ èéfín tó ti wọlé. Ẹ ti wíńdò pa. Lọ́jọ́ tó bá pupa, ẹ má din dòdò, ẹ má din àkàrà, ẹ má sun tùràrí, torí èéfín inú ilé máa ń kún tìta (mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ dòdò yìí máa dá ìjà sílẹ̀, ẹ fara dà á lọ́jọ́ kan). Ọmọ tó bá sì ní ikọ́ fée, ẹ kọ orúkọ sára ínhélà ẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e lé àǹtí kíláàsì ẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ má jù ú sísàlẹ̀ báàgì.

Àwọn kan ti ń sọ pé ojú ọjọ́ ti ń yí padà, pé ọ̀rọ̀ èéfín ti parí. Lóòótọ́ atẹ́gùn Delta ti padà dé, èyí tó ń fẹ́ wá láti etí òkun San Francisco nírọ̀lẹ́ tí ara fi ń tù wá, ewé igi iwájú họ́ọ̀lù ti ń pọ́n létí. Ṣùgbọ́n tí atẹ́gùn àríwá bá dé nígbà ewé wíwọ́ yìí, gbígbẹ ló ń gbẹ, igbó tó ti gba ooru látoṣù kẹfà ò sì tíì rí òjò. November 8, 2018 ni iná Camp Fire jó ìlú Paradise run, èèyàn 85 ló kú, èéfín ẹ̀ bo Sacramento fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n sì ti ilé ìwé pa. November o, tá a ti ń wọ kóòtù. Òjò gidi ló ń fòpin sí i, kì í ṣe kàlẹ́ńdà.

Ti ooru náà ńkọ́? Ní September 6, 2022, ìlú yìí gbóná dé 116 lórí Fahrenheit, ìyẹn lé ní 46 tá a bá fi Celsius tilé kà á, kò gbóná bẹ́ẹ̀ rí látìgbà tí wọ́n ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá ti kọjá 95 lọ́jọ́ ìwé, kò síta. AC họ́ọ̀lù ṣì ń ṣe ségesège, àwọn tó ni họ́ọ̀lù ti ń sọ "next week" látoṣù keje. Ẹ di omi fọ́mọ, kì í ṣe mínírà.

Àárọ̀ ti ń tutù o, ọ̀sán ṣì ń jóni, ọmọ á wọ súwẹ́tà wá, á bọ́ ọ láago mọ́kànlá, á gbàgbé ẹ̀ lórí àga. Méje ló wà lọ́fíìsì mi báyìí, márùn-ún nínú wọn dúdú, kò sórúkọ lára ìkankan. Ẹ wá wò wọ́n. Tó bá di òpin October tẹ́nìkan ò wá, mo máa kó wọn fún ṣọ́ọ̀ṣì.

Èyí tó kù ni ẹ̀rọ tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́. Àwọn bàbá méjì bá wa ṣe méjì lọ́sẹ̀ tó kọjá, èyí tí wọ́n ń pè ní Corsi-Rosenthal, ó bẹ̀rẹ̀ ní 2020: fáànù onígun mẹ́rin kan, fílítà MERV 13 mẹ́rin (nọ́ńbà yẹn ló ń sọ bí fílítà ṣe lè sẹ́ eruku tó), páálí àti téèpù, ó parí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Corsi tí wọ́n fi sọ ọ́ ti wá sí yunifásítì UC Davis nítòsí wa níbí. Ariwo ẹ̀ pọ̀ díẹ̀, àmọ́ fílítà tí wọ́n kọ́kọ́ fi sí i ti di dúdú, ẹ bá a wò, ó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Kíláàsì mẹ́ta ni ò tíì ní. Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́sàn-án, a nílò èèyàn mẹ́rin láti ṣe é, ilé ìwé ti ra fílítà. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ mú sísọ́ọ̀sì wá, a ò rí tiwa mọ́.

Èmi ni,
Ọ̀gá ilé ìwé yín