Lẹ́tà sí Àkànní: Ta ló yẹ kó kọ́kọ́ gbé ìbọn sílẹ̀?

Kúbwà, Àbújá.
Oṣù Kejìlá, 2025.

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà ni ìyàwó wa wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ọ̀yẹ́ ti dé síbí, ètè gbogbo wa ti ń bó, ṣùgbọ́n a dúpẹ́ pé ara le.

Mo ka ìwé rẹ tán, mo tún un kà. O ní o ti ra ìbọn kejì, AR-15, nítorí pé àwọn tí ẹ jọ ń lọ yìnbọn ní pápá ìdánrawò ní Houston ní Amẹ́ríkà níbẹ̀ ń sọ pé ìjọba máa tó gba ìbọn lọ́wọ́ aráàlú, àti pé ẹni tí kò bá tètè rà kò ní rí i rà mọ́. O wá ní kí n sọ tèmi, torí o mọ̀ pé agbo ilé ọlọ́dẹ ni wọ́n bí mi sí. Màá sọ ọ́ bó ṣe rí lọ́kàn mi.

O ṣì rántí Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi tí wọ́n máa ń fún wa lẹ́ran ìgbẹ́ nígbà tí a wà nílé ẹ̀kọ́ girama. Àwọn ni igbákejì Olúọ́dẹ ìlú wa báyìí. Ṣakabùlà kan ṣoṣo ni wọ́n ní, lọ́wọ́ bàbá wọn ni wọ́n sì ti jogún rẹ̀. O mọ bí ìbọn yẹn ṣe ń ṣe. Bí wọ́n bá yìn ín lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní láti nà án ró, kí wọ́n da ètù sí i lẹ́nu, kí wọ́n fi ọ̀pá irin kì í mọ́lẹ̀, kí wọ́n da òjé sí i, kí wọ́n tún kì í, kí wọ́n tó lè tún un yìn. Kí wọ́n tó da ètù tán, ẹni tó gbé AK-47 ti tú ọta 30 síta. Ohun tí wọ́n fi ń ṣọ́ ọ̀nà oko nílùú wa lóru nìyẹn, ní ilẹ̀ Kwara kan náà tí àwọn agbébọn ti wọ ààfin pa ọba Koro, Olúkòrò, ní oṣù Kejì 2024, tí wọ́n sì tún ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Eruku ní ọjọ́ 18 oṣù tó kọjá yìí, tí ìsìn ń lọ lọ́wọ́, tí wọ́n kó èèyàn 38 wọ igbó. Ọpẹ́ ni pé àwọn tí wọ́n kó lọ ti padà dé.

Lọ́dún tó kọjá, Bàbá Kékeré ń ti ibi ìṣọ́ bọ̀ ní ìdájí, ni àwọn agbófinró kan bá dá wọn dúró lójú títì, wọ́n gba ìbọn náà. Wọ́n ní ìwé àṣẹ rẹ̀ ti kọjá àsìkò. Òótọ́ ni, ó ti kọjá. Ọdọọdún ló yẹ kí wọ́n máa sọ ọ́ dọ̀tun, tí wọ́n bá sì dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe é, wọn kì í bá ẹnikẹ́ni. Ó pẹ́ kí ìbọn náà tó padà wálé. Ní gbogbo àsìkò yẹn, àdá ni wọ́n ń gbé lọ síbi ìṣọ́. Àkànní, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí débi pé mi ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́ fún mi lórí fóònù. Ẹni tó ní ìwé, tí orúkọ rẹ̀ wà lákọọ́lẹ̀, tí gbogbo ayé mọ ilé rẹ̀, òun ni ọwọ́ òfin kọ́kọ́ bà.

Òfin ìbọn wa ti wà láti 1959. Ṣakabùlà, aláṣẹ tó wà nítòsí ló lè buwọ́ lù ú. Ìbọn ọdẹ ẹlẹ́nu kan tàbí ẹlẹ́nu méjì, ọlọ́pàá. Ìbọn ìléwọ́ àti ìbọn ogun, àfi Ààrẹ. Èyí já sí pé gbogbo AK-47 tó wà nínú igbó láti Kaiama títí dé Zamfara, èèwọ̀ ni lójú òfin kí wọ́n tó bí èmi àti ìwọ. Òfin kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní láti gbà á lọ́wọ́ wọn. Kò kàn sí ẹni tó lọ gbà á ni.

Mallam kan wà ní ọjà Kúbwà níbí tó ń ta aṣọ, ará Zamfara ni. Ní 2020, Gómìnà wọn nígbà náà, Bello Matawalle, ṣèlérí pé jàǹdùkú tó bá kó AK-47 kan wá, màálù méjì ni ìjọba máa fún un. Ó ní òun kò ní fún wọn lówó, kí wọ́n má baà fi ra ìbọn mìíràn. Mallam yìí sọ fún mi, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, pé òun ní màálù tẹ́lẹ̀. AK-47 ni wọ́n fi kó gbogbo rẹ̀ lọ. Ìjọba wá fẹ́ fún ẹni tó kó o lọ ní méjì sí i! Ó ní láti ọjọ́ yẹn, ẹni tó bá sọ fún òun pé kí òun gbé nǹkan ìjà sílẹ̀, ohun tí òun máa kọ́kọ́ bi í ni èló ni wọ́n san fún ẹni tó gbé e sókè.

Kò pé ọdún méjì sí ìgbà náà, ní oṣù Kẹfà 2022, gómìnà yẹn kan náà ló ní kí aráàlú wá ìbọn gbèjà ara wọn. Ó ní kí ọ̀gá ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ náà máa fún wọn níwèé àṣẹ, fọ́ọ̀mù 500 fún ẹkùn emir kọ̀ọ̀kan nínú mọ́kàndínlógún tí wọ́n ní. Ọ̀gágun Lucky Irabor, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà àwọn ológun nígbà náà, fèsì pé gómìnà kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Masari, tó jẹ́ gómìnà Katsina nígbà náà, ti sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn ní 2021. Ọ̀gágun Danjuma tó ti fẹ̀yìn tì ti sọ ọ́ ní Jalingo ní oṣù Kẹta 2018, pé kí aráàlú dìde gbèjà ara wọn, bẹ́ẹ̀ ọdún yẹn gan-an ni ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá pàṣẹ pé kí àwọn ọmọ abẹ́ òun máa gba ìbọn tí kò bófin mu káàkiri. Èwo ni kí aráàlú tẹ̀ lé? Èmi gan-an fẹ́ kí ìbọn dínkù nílẹ̀ yìí, tọkàntọkàn ni mo sì fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ọ̀dọ̀ àwọn tó wà nínú igbó ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn náà ni kí wọ́n wá bá Bàbá Kékeré.

Ó wá ku tìrẹ. Ìtàn tí o sọ nípa aládùúgbò rẹ tó sá wá sí Houston láti New Orleans lẹ́yìn ìjì Katrina, mo gbà á gbọ́. Ní 2005, Eddie Compass tó jẹ́ ọ̀gá ọlọ́pàá ibẹ̀ sọ pé agbófinró nìkan ló máa lẹ́tọ̀ọ́ sí ìbọn, wọ́n sì gbà á lọ́wọ́ àwọn èèyàn nínú omi, nígbà tí kò sí ẹni tó lè pe ọlọ́pàá kí wọ́n dáhùn. Mi ò lè bá ẹni tí ojú rẹ̀ rí irú èyí jiyàn. Ṣùgbọ́n wo ohun tó tẹ̀ lé e. Ní 2006, ilé aṣòfin yín ṣòfin pé irú rẹ̀ kò gbọdọ̀ wáyé mọ́ nígbà àjálù. Láti 1986 ni òfin ti ní kí ìjọba àpapọ̀ má ṣe ní ìwé kan tí orúkọ gbogbo onííbọn wà, nítorí ìbẹ̀rù tí ẹ̀ ń bẹ̀rù yìí náà ni. Ní Texas tí o wà, láti oṣù Kẹsàn-án 2021, ẹni tó ti pé ọdún 21 tí òfin kò dí lọ́wọ́ lè gbé ìbọn ìléwọ́ rìn láìgba ìwé àṣẹ kankan. Lẹ́yìn tí wọ́n pa èèyàn 23 ní El Paso ní 2019, Beto O'Rourke, olóṣèlú Texas tó ń du ipò ààrẹ nígbà náà, dúró ní Houston yín níbẹ̀, ó ní àwọn máa gba AR-15. Nígbà tó wá du ipò gómìnà ní 2022, ó fìdí rẹmi. Ibo wá ni àwọn tó fẹ́ wá gbà á wà? Ẹni tó ń jèrè nínú ìbẹ̀rù yìí ni ẹni tó ń ta ìbọn fún yín.

O tún mẹ́nu ba Agbẹ́kọ̀yà, pé ìbọn àgbẹ̀ ló jẹ́ kí ìjọba gbọ́ràn ní 1969. Ìbọn wà níbẹ̀, mi ò jiyàn, ṣùgbọ́n ohun tó ká ìjọba lára ni pé àgbẹ̀ abúlé gbogbo para pọ̀, wọ́n ní àwọn ò san owó orí. AR-15 tó wà nínú yàrá èèyàn kan ní Houston ò jọ ìyẹn.

Ibi tí mo tún rí nǹkan kọ́ ni Ọsirélíà. Ọkùnrin kan pa èèyàn 35 ní Port Arthur ní oṣù Kẹrin 1996. Ìjọba ní àwọn máa ra ìbọn padà lọ́wọ́ aráàlú. Inú bí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ gan-an. Nígbà tí olórí ìjọba wọn, John Howard, lọ bá wọn sọ̀rọ̀ ní ìlú Sale, aṣọ tí ọta kì í wọ̀ ló wọ̀ sábẹ́ kóòtù. Síbẹ̀ wọ́n kó o wá, ìbọn bíi 650,000. Wọ́n san owó rẹ̀ fún wọn, òfin kan náà ni fún gbogbo wọn, àgbẹ̀ náà sì mọ̀ pé bí òun bá pe ọlọ́pàá, wọ́n máa dé. Ká ní Bàbá Kékeré ní ìdánilójú yẹn, mo mọ̀ pé wọ́n á gbé ṣakabùlà náà lọ fún wọn fúnra wọn.

Mo mọ̀ pé Uvalde wà lọ́kàn rẹ, ìlú ní Texas tí ọmọkùnrin kan ti yìnbọn pa àwọn ọmọ nílé ìwé. Èmi náà ò gbàgbé. Ọmọ 19 àti olùkọ́ méjì ní oṣù Karùn-ún 2022, agbófinró tó lé ní 370 dé síbẹ̀, ìṣẹ́jú 77 sì kọjá kí wọ́n tó wọ kíláàsì tí ọmọkùnrin náà wà. Bí bàbá ọmọ kan ní Texas bá ní òun ò fọkàn tán ẹnikẹ́ni mọ́, mi ò ní bá a wí. Ṣùgbọ́n AR-15 kan náà ni ọmọkùnrin yẹn gbé wọlé. Àkànní, ọmọ rẹ tó dàgbà jù ti tó ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ kiri. Nílé wa, ara àjà ni ìbọn máa ń wà, yàrá ìyá àgbà ni ètù ń gbé, a ò sì mọ ibi tó wà níbẹ̀ títí a fi dàgbà. Jọ̀ọ́, ra àpótí irin alágádágodo, kí ìbọn wà lọ́tọ̀, kí ọta wà lọ́tọ̀, kí kọ́kọ́rọ́ má kúrò lọ́rùn rẹ. Bí o bá sì lè dá èyí tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ rà yẹn padà, dá a padà. Ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀ ọ́.

Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Àbújá níbí ti ń kó orúkọ gbogbo ọdẹ jọ, ká lè jùmọ̀ gba ìwé àṣẹ wọn lẹ́ẹ̀kan náà ní oṣù Kínní, kí ẹnikẹ́ni má tún rí wọn mú lójú títì. A tún fẹ́ ra tọ́ọ̀ṣì, bàtà òjò àti rédíò ìbánisọ̀rọ̀ fún wọn. Bí o bá rí nǹkan kan, fi ránṣẹ́ sí akápò wa. Màá fi nọ́ńbà àkáǹtì ránṣẹ́ sí ọ lórí WhatsApp. Kọ̀wé sí mi nípa àpótí irin yẹn, sì bá mi bi aládùúgbò rẹ bóyá wọ́n dá ìbọn rẹ̀ padà fún un lẹ́yìn ìjì náà.

Bá mi kí ìyàwó wa àti àwọn ọmọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àyìndé