Ìwé Tí Ẹ Kò Jẹ́ Ká Ṣí Wò: Lẹ́tà Ẹ̀sùn sí Ilé-Iṣẹ́ Ìtàwé Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka Tó Ń Gbọ́ Ẹ̀sùn Oníbàárà.

Ọ̀gá wa,

Ẹ̀SÙN LÓRÍ ÌWÉ ATÚMỌ̀ ÈDÈ YORÙBÁ TÍ Ẹ FI RÁNṢẸ́ SÍ ÒṢOGBO

Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Òṣogbo. Mo ra ẹ̀dà mẹ́fà ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá lọ́wọ́ yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì. ₦9,500 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì fi ₦4,500 lé e fún owó tí wọ́n fi gbé e wá. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦61,500. Owó yìí kì í ṣe tèmi nìkan. Àwọn òbí ló dá a jọ kí kíláàsì SS2 lè ní ìwé tí wọn yóò máa yẹ̀ wò. Ìwé tí ẹ kó wá kò ṣeé lò. Mo fẹ́ kí ẹ dá owó náà padà, kí ẹ sì yọ ìwé náà kúrò lórí àtẹ yín.

Ohun tí ẹ kọ sábẹ́ àwòrán rẹ̀ ni pé ẹ̀dà tuntun ni, pé àkọtọ́ òde òní ni wọ́n fi kọ ọ́, pé ó dára fún ọmọ tó ń múra ìdánwò WAEC. Lóòótọ́, èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo já ọ̀rá ara rẹ̀ tí mo ṣí i, atúmọ̀ èdè tí ilé ìtàwé CMS tẹ̀ jáde ní Èkó ní 1913 ni mo bá nínú rẹ̀. Ọdún náà ṣì wà ní ojú ewé àkọlé, wọn kò tilẹ̀ pa á rẹ́. Ẹnì kan ló fi ẹ̀rọ ya àwòrán ìwé àtijọ́ yẹn, ó ní kí kọ̀ǹpútà sọ àwòrán di lẹ́tà, ẹnikẹ́ni kò sì kà á kó tó lọ sí ibi ìtẹ̀wé. Àmì ìsàlẹ̀ ti lọ pátápátá. Àmì ohùn tó yẹ kó wà lórí lẹ́tà ti di àmì ìbéèrè, òmíràn ti di nọ́ńbà, òmíràn ti di àpótí kékeré tó ṣófo.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rò ó wò ohun tí ìyẹn ń ṣe fún atúmọ̀ èdè. Lẹ́tà ọ̀tọ̀ ni E, ọ̀tọ̀ ni Ẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni O àti Ọ, bẹ́ẹ̀ ni S àti Ṣ. Kálukú ló ní abala tirẹ̀. Nínú ìwé tí ẹ tà fún mi, abala E parí, abala E mìíràn tún bẹ̀rẹ̀, ọmọ kò sì ní mọ èyí tó yẹ kó wò. Bó bá tiẹ̀ rí ọ̀rọ̀ tó ń wá, “igba” ni yóò bá lórí ìlà tó tẹ̀ léra wọn láìní àmì kankan, tí yóò wá máa méfò èwo ni igbá, èwo ni ìgbà, èwo ni okùn tí a fi ń gun ọ̀pẹ. Àmì tí ọmọ kò mọ̀ yìí gan-an ló mú un ṣí ìwé.

Ti àkọtọ́ ńkọ́? Èyí tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 la fi ń kọ́ àwọn ọmọ. Aiye, enia àti ẹiyẹ ni wọ́n ń kọ ṣáájú ìgbà náà. Ọmọ tó bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìdánwò lónìí, máàkì rẹ̀ á lọ sí i. N kò bá àwọn tó ṣe ìwé 1913 wí o. Iṣẹ́ ribiribi ni wọ́n ṣe, ọpẹ́ wọn kò sì lè tán lẹ́nu wa. Ẹni tó ba iṣẹ́ wọn jẹ́ tó tún fi èèpo tuntun bò ó ni mo ń bá wí, àti ẹ̀yin tí ẹ bá a tà á.

Mo kọ ímeèlì sí yín, mo sì pè yín lórí fóònù. Èsì yín ni pé ìwé náà kò ya, kò tutù, ojú ewé rẹ̀ pé, àti pé ẹ kì í gba ìwé tí oníbàárà bá ti já ọ̀rá ara rẹ̀. Inú ìwé ni àléébù wà, ọ̀rá lẹ sì fi dí i. Ẹ kò fi ojú ewé kan ṣoṣo hàn lórí ìkànnì yín. Ibo lẹ ní kí oníbàárà ti rí inú ìwé? Ìlànà yìí ò dáàbò bo ẹnikẹ́ni bí kò ṣe ẹni tó tẹ ìwé burúkú.

Bí mo bá wọ ilé ìtàwé inú Yunifásítì Ìbàdàn, kò sí ẹni tó ń dá mi lẹ́kun. Mo máa ń ṣí ẹ̀yìn ojú ewé àkọlé kí n rí ọdún àti orúkọ ilé-iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́. Mo máa ń ka ìpínrọ̀ kan láàárín, mo máa ń wo àmì, mo máa ń tẹ ìdí ìwé wò bóyá gọ́ọ̀mù rẹ̀ mú. Irú ìwé tí ẹ kó wá yìí kò lè bá mi kúrò níbẹ̀ láé. Òǹtàwé tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ lè sọ fún ọ pé, “Mà, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, èyí tó dáa ń bọ̀.” Ojú lọ̀rọ̀ wà. Kódà àwọn tó ń pàtẹ àlòkù ìwé sẹ́bàá títì ń jẹ́ kéèyàn bẹ̀rẹ̀ tì í, kó ṣí i títí ọkàn rẹ̀ yóò fi balẹ̀.

Kí ló dé tí n kò lọ síbẹ̀, ẹ lè bi mí. Ní àdúgbò wa, Bíbélì, ìwé àkọsílẹ̀ àti ìwé tí ilé-ẹ̀kọ́ ń lò ló kún ilé ìtàwé, owó mọ́tò lọ sí Ìbàdàn sì ti ga. Àbúrò mi tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá lọ́jọ́ Sátidé ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù kò ní ibòmíràn ju orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ. A nílò irú òwò tí ẹ ń ṣe gan-an, ìyẹn ló ṣe ń dùn mí tó báyìí.

Òfin ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ti ọdún 2018, kò fi àwa tí a kò rí ọjà kí a tó sanwó sílẹ̀. Bí ènìyàn bá ra ọjà nípasẹ̀ àpèjúwe tí òǹtajà ṣe, ohun tí wọ́n gbé wá gbọ́dọ̀ bá àpèjúwe náà mu. Ẹ̀dà tuntun lẹ ní ẹ ń tà. 1913 lẹ gbé wá.

Lẹ́yìn owó mi, ohun tí mo tún ń béèrè kò le. Ẹ ya àwòrán ojú ewé àkọlé, ẹ̀yìn rẹ̀ àti ojú ewé mélòó kan nínú ìwé Yorùbá kọ̀ọ̀kan, kí ẹ gbé e sórí ìkànnì. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ni wọ́n fi ya àwòrán rẹ̀ láti inú ìwé àtijọ́, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba. Ìwé tí ẹ kò bá fi inú rẹ̀ hàn, ẹ má sọ pé ẹ kò ní gbà á padà nítorí ọ̀rá. Ẹ tún bá wa wo ibi tí a ti ń wá ìwé: bí mo bá fi àmì sórí orúkọ ìwé bó ṣe yẹ, ìkànnì yín á ní kò sí, bí mo bá yọ àmì kúrò, á gbé e jáde. Kò yẹ kó jẹ́ ẹni tó kọ Yorùbá dáadáa ni kò ní rí ìwé Yorùbá rà.

Àwọn ìwé náà wà nínú páálí tí ẹ fi kó wọn wá, ní ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ẹ rán ọlọ́kadà yín wá kó wọn lọ́jọ́ iṣẹ́ èyíkéyìí kí aago 2 ọ̀sán tó lù. N kò gba ìwé-ẹ̀rí ìràjà (vọ́ṣà) tí ẹ fi lọ̀ mí dípò owó, nítorí n kò lè fi ìyẹn jíhìn fún àwọn òbí. Inú àkántì tí owó ti wá ni kí ẹ dá a padà sí. Bí n kò bá rí i láàárín ọjọ́ 14, màá gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ bá FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, pẹ̀lú àwòrán ìwé náà àti èsì tí ẹ fún mi.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ èdè Yorùbá, Òṣogbo.
(Orúkọ àti nọ́ńbà fóònù mi wà lára rísíìtì ọjà náà.)