Lẹ́tà sí àwọn òbí àti alágbàtọ́: sáà kejì, àti ẹ̀kọ́ lórí wúrà ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa,

A kí yín kú ìnáwó, a kú àdúrótì àwọn ọmọ. Èsì ìdánwò ti wà lọ́wọ́ àwọn tíṣà kíláàsì. Ẹ wá gbà á fúnra yín, a kì í fi rán ọmọ. Aago méjì ni a ń jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ọlọ́dẹ ẹnu géètì kì í ṣe alágbàtọ́.

Ohun tí lẹ́tà yìí wà fún gan-an ni iṣẹ́ tí SS 2 fẹ́ ṣe lórí àwọn ìlú awakùsà ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, Itagunmodi àti Iperindo pàápàá. Láti 1913 ni wọ́n ti ń wa wúrà ní Nàìjíríà. Àwọn ọdún 1930 ló gbóná jù, ogun àgbáyé kejì ló sì bu omi sí i. Kí ọmọ má ṣe rò pé wúrà ló sọ Ìjẹ̀ṣà di olówó o. Kòkó ni, àti aṣọ tí àwọn òṣómàáló ń gbé kiri tà láwìn, tí wọ́n á sì lóṣòó ti onígbèsè títí owó á fi jáde. Lábẹ́ òfin ìwakùsà ọdún 2007, ìjọba àpapọ̀ ló ni ohun àlùmọ́nì: àgbẹ̀ ló ni igi kòkó, kò ni wúrà tó wà nídìí rẹ̀. Iṣẹ́ wúrà náà kò sì tíì parí, torí oṣù keje 2021 ni wọ́n kọ́kọ́ yọ́ wúrà ní kùsà ńlá Sẹ̀gilọlá, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Ẹ̀yin tí ẹ ní àgbà Ìjẹ̀ṣà nílé, ẹ bá wa kọ́ ọmọ ní ìbéèrè. Bó bá ní, "Mọ́mì àgbà, ẹ sọ ìtàn wúrà," ìdáhùn á kúrú. Kó béèrè ẹni tó ń se oúnjẹ fún àwọn awakùsà, iye tí owó yàrá di nígbà tí àlejò pọ̀, àti odò tí wọ́n ń pọn kó tó di pé omi ń pọ́n. Àkùrọ̀ tí wọ́n ń gbin ẹ̀fọ́ sí lẹ́ẹ̀rùn náà ni wúrà odò máa ń wà, lábẹ́ amọ̀, láàárín òkúta wẹ́wẹ́. Ẹni tó bá gbẹ́ ẹ á yí ilẹ̀ ọlọ́ràá sísàlẹ̀, á fi òkúta sókè, á sì fi kòtò tí omi òjò ń kún sílẹ̀. Ẹrọ̀fọ̀ rẹ̀ a wọ odò. Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní láti kìlọ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ wá sí ọdún Ọ̀ṣun pé kí wọ́n má mu omi odò náà.

Kí a tó kó àwọn ọmọ lọ wo ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, wọ́n á kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ wúrà, nínú ọgbà ilé-ìwé. Hóró idẹ tó ń dà sílẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ àwọn agékọ́kọ́rọ́ ni a ó fi ṣe wúrà. Ẹ bá wa tọrọ ṣíbí kan lọ́dọ̀ èyí tó wà ládùúgbò yín, kí ọmọ sì mú abọ́ rọ́bà fífẹ̀ kan wá, dúdú bó bá ṣeé ṣe. Yanrìn á dé ìdajì abọ́, pẹ̀lú ṣíbí idẹ kan àti ṣíbí erùpẹ̀ irin kan láti ọ̀dọ̀ wẹ́dà. Wọ́n á ri abọ́ sínú bàfù omi, wọ́n á fọwọ́ fọ́ gbogbo ìṣù amọ̀, torí ìṣù tí a kò fọ́ á gbé wúrà mọ́ra dà nù. Wọ́n á wá máa mì ín sọ́tùn-ún sósì. Wúrà wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po 19, idẹ bí ìlọ́po 8, yanrìn kò tó 3. Ohun tó wúwo á rìlẹ̀ bí wọ́n bá fún un láyè. Ìkánjú ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́: ọmọ á dẹ abọ́ kí idẹ tó rì, gbogbo rẹ̀ á bómi lọ. Kó mì ín, kó da òkè nù díẹ̀, kó tún mì ín. Bí idẹ bá léfòó, ọ̀rá ọwọ́ ló fà á. Ẹ̀kán ọṣẹ ìfọbọ́ kan tó. Níkẹyìn, mágínẹ́ẹ̀tì ara sípíkà tó ti bàjẹ́, tí a fi náílọ́ọ̀nù wé, á fa irin kúrò lára idẹ. Bí wọn kò bá wé e, wọ́n á máa ha irin lára rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Inú bàfù kejì ni wọ́n á da yanrìn sí, kì í ṣe gọ́tà. Gọ́tà àdúgbò wa ti kún tó.

A kò ní fi mákúrì, irin olómi tó ní májèlé, kọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn awakùsà ń fi í kó wúrà wẹ́wẹ́ jọ, wọ́n á sì fi iná sun ún kó lè fò lọ. Èéfín náà kì í hàn, kì í rùn, ọpọlọ àti kíndìnrín ló ń bà jẹ́. Bí ọmọ bá rí i nínú fídíò, ẹ tètè bá a sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé ìsinmi àárín sáà ni ìrìn-àjò náà. Aago márùn-ún àárọ̀ ni bọ́ọ̀sì máa gbéra, kí a lè bọ́ lójú títì Ìbàdàn kí gòsúlóò tó bẹ̀rẹ̀. Bàtà tó bo ẹsẹ̀ ni kí wọ́n wọ̀, kì í ṣe sílípáàsì. Kí wọ́n gbé omi mímu lítà méjì. Ẹnikẹ́ni kò ní wọ kòtò, a kò sì ní sún mọ́ etí rẹ̀, torí ilẹ̀ tí wọ́n ti gbẹ́ abẹ́ rẹ̀ máa ń ya lójijì. Kò sí òkúta tó máa bá wa padà wá sílé: ní Zamfara ní 2010, òjé inú òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ láàárín ilé pa ọmọ tó lé ní 400, ojú lásán kò sì lè mọ èyí tó ní òjé nínú.

Fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda wà nínú báàgì ọmọ. Ẹ fọwọ́ sí i, ẹ kọ nọ́ńbà fóònù méjì, kí ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ bí ọmọ bá ní ikọ́ fée. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ la ó gbà á mọ.

Ọ̀gá ilé-ìwé,
Èbúté Mẹ́ta, Èkó