Ẹ yé gba owó èédú tí ẹ kò dáná sí lọ́wọ́ wa

Sí Olóòtú,

Bíìlì iná tó wọlé lọ́sẹ̀ yìí ló mú mi gbé kálàmù. Ilé kan náà, èrò kan náà, a ò ra ẹ̀rọ tuntun kankan, owó sì tún lé sí i. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó wà ní Baltimore mọ ohun tí mò ń sọ, torí kò síbi ìnáwó tá a dé tí wọn kì í sọ ọ́.

Lára ohun tó fà á ni Brandon Shores, ilé iṣẹ́ amúnáwá tó ń sun èédú létí odò Patapsco. Ẹ̀rọ rẹ̀ kìíní bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1984, ìkejì ní 1991, agbára méjèèjì sì lé ní 1,200 mẹ́gáwáàtì. Àwọn tó ni ín fẹ́ tì í ní oṣù kẹfà 2025. PJM, àjọ tó ń darí iná ìpínlẹ̀ 13 àti Washington, bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má tíì tì í, torí wáyà tó máa gbé iná wá láti ibòmíràn kò tíì parí. Ni ìjọba àpapọ̀ bá fọwọ́ sí i kí á máa san nǹkan bíi mílíọ̀nù 145 dọ́là lọ́dún fún àwọn tó ni ín títí di oṣù karùn-ún 2029.

Owó yìí kì í ṣe owó iná tá a tàn o. Owó ìdúródeni ni. Ó ṣiṣẹ́ o, kò ṣiṣẹ́ o, a ó san án. Ìgbà tí ooru tàbí òtútù bá le koko ni wọ́n sábà máa ń nílò rẹ̀, kò sì ṣe é ṣáná sí bíi jẹnẹrétọ̀. Omi inú kòkò ńlá rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí iná tó jáde, epo á sì ti máa jó lọ.

Mo máa ń rí ṣímínì rẹ̀ tí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá dáná, ohun funfun ló ń rú jáde, àwọn èèyàn á ní ooru omi lásán ni. Òótọ́ ni pé omi pọ̀ níbẹ̀, torí òfin Maryland ti 2006 ló mú kí wọ́n máa fi omi fọ imí-ọjọ́ kúrò nínú èéfín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìfọ̀ yẹn kì í dá afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tó ń mú ayé gbóná dúró. Ọ̀rẹ́ mi kan ń gbé ní Curtis Bay, níbi tí wọ́n ti ń kó èédú tó ń lọ sókè òkun sínú ọkọ̀. Tó bá fi aṣọ nu ojú fèrèsé, dúdú kirikiri ni. Ìyẹn kì í ṣe ti Brandon Shores, àmọ́ imú kan náà ni wọ́n fi ń mí gbogbo rẹ̀ sínú ládùúgbò yẹn.

Láti 2020 ni wọ́n ti kéde pé èédú máa dópin níbẹ̀ kí 2025 tó parí. Kí ni àwọn aláṣẹ ń ṣe látìgbà yẹn? Wọ́n jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú, wọ́n wá gbé ẹrù àìmúra wọn ka orí wa. Ta ló ń san owó oṣù fún ẹni tí kò wá síbi iṣẹ́?

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe nìyí: kí wọ́n gbé bátìrì ńláńlá sórí ilẹ̀ Brandon Shores gan-an. Wáyà ńlá ti wà níbẹ̀, ilẹ̀ wà níbẹ̀. Kí wọ́n máa gba iná sínú bátìrì lóru nígbà tí iná bá pọ̀, kí wọ́n sì tú u sílẹ̀ nírọ̀lẹ́ tí gbogbo ilé bá ń tan ẹ̀rọ amúlétutù. Bátìrì kò nílò wákàtí kankan láti gbóná. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ báyìí, kí bátìrì àkọ́kọ́ lè ti máa ṣiṣẹ́ kí 2029 tó dé, kí wọ́n má baà tún sún ọjọ́ síwájú. Kí wọ́n wá owó ìrànwọ́ fún àwọn àgbàlagbà pẹ̀lú, kí wọ́n sì máa ṣe ìpàdé wọn nírọ̀lẹ́ tí òṣìṣẹ́ á lè wá.

Mo ti kọ̀wé sí aṣojú wa ní Annapolis. Kí ẹ̀yin náà kọ tiyín kí ilé ìgbìmọ̀ tó tún jókòó.

Òǹkàwé yín,
Glen Burnie, Maryland