Kì í ṣe epo rọ̀bì nìkan ni wọ́n fi ń gba ilẹ̀ onílẹ̀

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹnìkan kọ̀wé sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá pé oníjàngbọ̀n làwọn Sámi, ọmọ onílẹ̀ ìhà àríwá ilẹ̀ Norway, pé iná tí a fi afẹ́fẹ́ pèsè kì í pa ẹnikẹ́ni lára. Trondheim ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, òdìkejì omi wa níbí sì ni Fosen tí ìjà náà ti ṣẹlẹ̀.

Ẹran rẹ́ndíà, ìyẹn àgbọ̀nrín ilẹ̀ olótùútù, ni àwọn Sámi Fosen ń sìn. Bí yìnyín bá bo ilẹ̀, orí òkè tí atẹ́gùn ti ń gbá a dànù ni ẹran ti ń rí nǹkan jẹ. Orí òkè náà gan-an ni wọ́n wá ri òpó alábẹ̀bẹ̀ tó ń fi afẹ́fẹ́ pèsè iná mọ́: 80 ní Storheia, 71 ní Roan. Ẹran ò sì fẹ́ sún mọ́ wọn. (Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ darandaran ti sú nílé, ẹ má fi wé èyí o. Ìjà tiwọn kì í ṣe ti oko olóko.)

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá 2021, adájọ́ mọ́kànlá ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Norway fohùn ṣọ̀kan pé ìwé àṣẹ àwọn òpó náà kò bófin mu. Onílẹ̀ jàre, òpó ò yéé yí. Nígbà tó pé ọjọ́ 500, ní oṣù Kejì 2023, àwọn ọ̀dọ́ Sámi lọ jókòó sí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ epo àti iná ní Oslo, ọlọ́pàá sì gbé wọn jáde lóru. Greta Thunberg, ọmọ Sweden tó ń jà nítorí ojú ọjọ́, wá dara pọ̀ mọ́ wọn. Òǹkọ̀wé yín ní kí ló kan ọmọ tó ń bá epo rọ̀bì jà nídìí afẹ́fẹ́. Ṣé ẹni tí wọ́n gba ilẹ̀ rẹ̀ a máa kọ́kọ́ wò ó bóyá èéfín ń jáde níbẹ̀ ni?

Ìjọba tọrọ àforíjì. Àdéhùn wáyé láàárín àwọn Sámi àti àwọn iléeṣẹ́ tó ni òpó ní oṣù Kejìlá 2023 àti oṣù Kẹta 2024. Owó ń bọ̀ fún àwọn Sámi lọ́dọọdún, àwọn ti apá gúúsù Fosen sì lè kọ̀ bí wọ́n bá fẹ́ fi kún ọdún inú ìwé àṣẹ. Òpó kan ṣoṣo, wọn ò wó o.

N kò bá àwọn tó fọwọ́ sí i wí, ẹjọ́ ti pẹ́ lọ́rùn wọn. Ṣùgbọ́n ní 2018, ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń gbógun ti ẹlẹ́yàmẹ̀yà ní kí Norway dá iṣẹ́ dúró ná. Wọn ò tíì parí ti Storheia nígbà náà. Ìjọba kọ̀. Kí òǹkọ̀wé yín bi wọ́n léèrè ìyẹn kó tó pe ẹnikẹ́ni ní oníjàngbọ̀n.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ Ìjẹ̀bú kan, Trondheim